Camry 1999 ń kú tí mo bá ti fa jíà sí D tàbí R, pàápàá tó bá ti gbóná

Ìyá Ìbejì Sàngó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọkọ̀ tí mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀ ni Camry 1999, ẹ́ńjìnnì 2.2 oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin, jíà ọ́tò. Láàárọ̀ tí ara rẹ̀ bá tutù, kò sí wàhálà rárá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń sítáàtì. Tó bá ti rìn tó ìdajì wákàtí tó sì gbóná dáadáa, ibẹ̀ ni ìjọ̀ngbọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní P àti N, abẹ́rẹ́ RPM (tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) máa ń dúró ní nǹkan bí 700. Bí mo bá ti fa jíà sí D tàbí R, abẹ́rẹ́ á rọra wálẹ̀ sí 500, sí 400, dáṣíbọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n, ọkọ̀ á kú. Tí AC bá wà ní títàn, kíá ló ń kú. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àfi kí n máa fa á sí N ní gbogbo ìgbà tí mo bá dúró. Tó bá ti ń sáré lọ lójú ọ̀nà, kò sí ohun tó ń ṣe é, jíà ń wọlé geere láti 1 dé 4.

Ohun tí a ti ṣe: plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tuntun, fílítà epo tuntun, fílítà afẹ́fẹ́ tuntun. Iná check engine kò tàn. Mẹkáníìkì tó ń wò ó ní jíà ti lọ, kí n lọ ra tòkunbọ̀ jíà ní Ládípọ̀. Kí n tó kówó sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé jíà ló ń pa ẹ́ńjìnnì lóòótọ́, àbí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni kò lágbára? Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ ìyàtọ̀ láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ tú jíà sílẹ̀?

Sípánà Mẹ́tàlá

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó. Ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó jíà o. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ibì kan wà tó ṣe pàtàkì ju ìyókù lọ: ẹ ní abẹ́rẹ́ máa ń rọra wálẹ̀, dáṣíbọ́ọ̀dù á gbọ̀n, kó tó kú. Bí ọkọ̀ ṣe ń kú ni kí a kọ́kọ́ wò, nítorí ikú ẹ́ńjìnnì kì í ṣe oríṣi kan.

Tó bá rọra wálẹ̀ bí ẹni tí èémí ń wọ́n, ẹ́ńjìnnì ni kò rí afẹ́fẹ́ tàbí epo tó láti gbé ẹrù tí jíà gbé lé e. Tó bá fò síwájú lójijì tó sì kú pòó, bí ìgbà tí dẹ́rẹ́bà gbàgbé láti tẹ klọ́ọ̀ṣì nínú ọkọ̀ jíà ọlọ́wọ́, inú torque converter (ohun tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà ọ́tò) ni kí ẹ lọ. Tó bá kú láìgbọ̀n rárá, bí ìgbà tí èèyàn pa ìtànná, ẹ̀bi wáyà ni.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní P àti N, ẹ́ńjìnnì ń yí láìsí ẹrù. Tí ẹ bá fa jíà sí D, tí ẹsẹ̀ yín wà lórí bíréèkì, apá kan torque converter á máa bá ẹ́ńjìnnì yí, apá kejì á dúró gbọin nítorí táyà kò lè yí. Ọ́ílì tó wà láàárín àwọn méjèèjì á máa fa ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn. Brainbox, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, mọ̀ pé ẹrù ti dé, torí neutral switch tó wà lára jíà ti ta á lólobó, á sì pàṣẹ fún IAC valve, ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ kékeré kan, pé kó ṣí díẹ̀ sí i kí afẹ́fẹ́ lè pọ̀. IAC valve yìí ló ń dá sílò ẹ́ńjìnnì dúró, ìyẹn bó ṣe ń yí jẹ́jẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí iná (pẹ́dà tó ń mú ọkọ̀ sáré). Tí èédú bá ti há a mọ́, àṣẹ á dé, ilẹ̀kùn kò ní ṣí.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí kì í ṣe é láàárọ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, valve náà ń ṣí gbayawu kí sílò lè ga, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó wà nílẹ̀ ti ju ohun tí D nílò lọ. Bí omi ṣe ń gbóná ló ń padé díẹ̀díẹ̀. Tó bá dé ibi tóóró tí èédú ti dì, á há síbẹ̀, kò ní lè padà ṣí.

Ìdánwò mẹ́ta nìyí, ẹ kò ní ná kọ́bọ̀. Ibi gbalasa ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró níwájú tàbí lẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹ fa bíréèkì ọwọ́ sókè, kí ẹsẹ̀ òsì wà lórí bíréèkì pinpin.

Àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì gbóná, AC kú. Ní N, ẹ rọra tẹ iná títí abẹ́rẹ́ á fi dé nǹkan bí 1,200, ẹ dì í mú síbẹ̀, ẹ wá fa jíà sí D. Tí kò bá kú, tó ń yí jẹ́jẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ yín wà níbẹ̀, tó sì tún ń gbọ̀n bí ẹ ṣe ń yọ ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ sílò ni kò tó. Ẹsẹ̀ yín ti ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí IAC valve ṣe. Ìkejì, ní N, ẹ tan AC. Abẹ́rẹ́ lè wálẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n ó yẹ kó padà sókè tàbí kó ga díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá wálẹ̀ tí kò padà, ẹ̀rí kejì nìyẹn. Ìkẹta, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ ní N, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà tó lọ sára IAC valve. Ìró ẹ́ńjìnnì yẹ kó yí padà. Tí kò bá yí padà rárá, valve náà ti há.

Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu, ẹ fọ̀ ọ́. Lára ẹ́ńjìnnì yìí, abẹ́ throttle body (ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) ló lẹ̀ mọ́, ẹ kò lè fọ̀ ọ́ dáadáa láìyọ throttle body. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, torí omi rédíétọ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ yọ orí négétíìfù bátìrì. Ẹ yọ róbà ńlá tó ti ọ̀dọ̀ fílítà afẹ́fẹ́ wá, ẹ tú okùn pẹ́dà iná, ẹ fi ọwọ́ sàmì sí róbà omi kéékèèké méjèèjì kí ẹ tó yọ wọ́n, kí ẹ sì ní èèkàn tàbí bóòtù tí ẹ máa fi dí ẹnu wọn. Sípánà 12 ló ń tú throttle body. Tó bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ yí i dojú kọ òkè: síkúrúù onístáà mẹ́rin ló di IAC valve mú. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń ba orí síkúrúù wọ̀nyí jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi síkúrúdíráífà tó ba orí rẹ̀ mu síbẹ̀, ẹ fi òòlù gbá a lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, kí ẹ tó yí i.

Ohun tí ẹ máa rí nínú rẹ̀ dà bí ìdí ìkòkò tó ti pẹ́ lórí igi ìdáná: dúdú, ó ń yọ̀ díẹ̀ nítorí ọ́ílì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti agolo kan oògùn ìfọ-kábúrétọ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹnu valve dojú kọ ilẹ̀, kí oògùn má ṣe ṣàn lọ sínú coil. Ẹ má fi irin ha á. Tó bá mọ́, ọ̀pá inú rẹ̀ yẹ kó yí nírọ̀rùn. Ẹ fọ ojú labalábá throttle body (irin pẹlẹbẹ tó ń ṣí tó ń padé nínú rẹ̀) pẹ̀lú àti ihò kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí oògùn kan TPS, sensọ̀ tó ń wo bí labalábá ṣe ṣí tó. Gáskẹ́ẹ̀tì tuntun méjì, ọ̀kan fún IAC, ọ̀kan fún throttle body. Gáskẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí wọ́n lẹ̀ padà ló máa ń mú kí sílò máa lọ sókè sódò lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán.

Kí ẹ tún fi agolo oògùn yẹn fọ́n róbà ńlá afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ti sán. Róbà tó sán máa ń pa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Oníjíà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Sípánà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹjọ́ jíà náà kó tó di pé a dá a láre. Jíà A140E ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ohun kan ṣoṣo nínú jíà ọ́tò ló lè pa ẹ́ńjìnnì tí ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì: lock-up inú torque converter. Tí klọ́ọ̀ṣì inú jíà bá jẹ, jíà á máa yọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ kò ní rìn. Kì í pa ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá sọ pé jíà ti jẹ nítorí pé ẹ́ńjìnnì ń kú, ẹ bi í léèrè pé ibo gan-an ló ti jẹ.

Lock-up jẹ́ klọ́ọ̀ṣì kékeré tó ń so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ jíà tààrà nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, kí epo má baà ṣòfò. Tí ẹ bá fẹ́ dúró, ó gbọ́dọ̀ tú. Tí solenoid rẹ̀ (fáàfù kékeré tí iná mànàmáná ń ṣí) bá há tàbí tí valve inú valve body (ibi tó ń darí ọ́ílì inú jíà) kò padà sáyè rẹ̀, á dì mọ́ ẹ́ńjìnnì bí ẹ tilẹ̀ dúró. Tirẹ̀ máa ń hàn nígbà tí ọ́ílì jíà bá gbóná. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí IAC ni pé ọkọ̀ á máa jà, á fẹ́ fò síwájú, á sì kú kódà nígbà tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ gbé iná dé 1,200. Ó tún máa ń kú nígbà tí ẹ bá ń wá láti orí eré tí ẹ fẹ́ dúró ní jọ́ńṣọ̀n.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà solenoid lára jíà, ẹ wá tún un dán wò. Iná check engine á tàn, kò burú, ìdánwò ni. Tí kò bá kú mọ́, wáyà tàbí brainbox ló ń fi iná ránṣẹ́ síbẹ̀ nígbà tí kò yẹ. Tó bá ṣì ń kú, nínú ni ó ti há. Ẹ fi mítà wọn solenoid: 11 sí 15 ohm ló yẹ kó kà nígbà tó bá tutù. Síkánà lè fi P0770 tàbí P0773 hàn, ṣùgbọ́n solenoid tó há nítorí ìdọ̀tí lè má fi kóòdù kankan hàn. Kódà tó bá jẹ́ pé òun ni, ẹ kò nílò odindi jíà. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń tú páànù ọ́ílì, valve body á hàn síta, solenoid á yọ, láìgbé jíà sílẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ ọ́ílì jíà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, irọ́ ni sítíkì á pa fún wọn. Ẹ wa ọkọ̀ kó gbóná, ẹ dúró níbi tó tẹ́jú, ẹ má pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fa jíà láti P dé L, kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ dá a padà sí P. Nísinsìnyí ẹ fa sítíkì yọ, ẹ nù ún, ẹ tún un kì, ẹ wò ó: àárín àmì HOT ni. Kí ẹ rò ó sórí aṣọ funfun. Tó bá pupa, ó dára. Tó bá dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jó, ẹ yí i. Dexron III ni ọkọ̀ yìí ń mu, nǹkan bí lítà 2.5 ló máa jáde tí ẹ bá tú bóòtù ìsàlẹ̀. Díífù rẹ̀ (jíà tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì) dá dúró, ó ní bóòtù tirẹ̀, lítà 1.6 ni, Dexron kan náà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, wọ́n á yí ti jíà, ti díífù á gbẹ títí á fi ké.

Ẹ má da ọ́ílì CVT tàbí T-IV sí i nítorí pé ẹni tó ń tà á ní ó dára jù.

Rewaya Mókọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Ọ̀gá Sípánà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ róbà ńlá yẹn kò bá ẹ́ńjìnnì yìí mu. Camry 2.2 ti ọdún yẹn kò ní MAF, sensọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń gba róbà ńlá wọlé. MAP sensọ̀ ló ń lò, ó wà lẹ́yìn lára ògiri ẹ́ńjìnnì, róbà tín-ín-rín kan ló so ó mọ́ manifold, páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Fífà afẹ́fẹ́ inú manifold ló ń wọ̀n, kì í ṣe afẹ́fẹ́ tó gba róbà ńlá kọjá. Róbà ńlá tó sán á jẹ́ kí ìdọ̀tí wọlé, kò yẹ kó pa á. V6 (ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà) ọdún yẹn ló ní MAF, níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín ti tọ̀nà gan-an. Kódà tí manifold bá ń fa afẹ́fẹ́ láti ibòmíràn lórí 2.2 yìí, sílò á ga ni, ẹ máa rí 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní N. Ìyá Ìbejì ní 700 ni tiwọn, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sẹ́yìn ná.

Èyí tó lè jọ ẹ̀sùn yìí ni róbà tín-ín-rín MAP fúnra rẹ̀. Tó bá sán, brainbox á rò pé ẹrù pọ̀, á máa da epo sí i, sáléńsà á máa rùn epo, èéfín á dúdú, plọ́ọ̀gì tuntun á dúdú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ tú plọ́ọ̀gì kan, ẹ wò ó. Àwọ̀ rẹ̀ yẹ kó jọ ti bísíkíìtì. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ sì ti tú u, ẹ wo àlàfo ẹnu rẹ̀: 1.1 mm ni. Plọ́ọ̀gì ayédèrú pọ̀ ní ọjà, àlàfo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í dọ́gba. Wáyà plọ́ọ̀gì kò gbọ́dọ̀ ju 25 kilo-ohm lọ.

EGR, valve tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì, ni ìkejì. Valve yẹn gbọ́dọ̀ padé pátápátá ní sílò. Èédú kékeré tó bá há sábẹ́ rẹ̀ á jẹ́ kí èéfín sáléńsà máa padà wọ inú ẹ́ńjìnnì, ẹrù díẹ̀ báyìí á pa á. Ṣùgbọ́n EGR tó há ní ṣíṣí máa ń mú kí ẹ́ńjìnnì gbọ̀n ní N pẹ̀lú, kì í ṣe D nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ dájú, kó gé irin pẹlẹbẹ lára agolo mílíìkì ní ìwọ̀n gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kó fi dí i fún ìdánwò ọjọ́ kan, kó sì yọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kó fọ EGR náà. Kì í ṣe àtúnṣe.

Tó bá jẹ́ R nìkan ló ń kú sí, tàbí D nìkan, ẹ wo ẹ́ńjìn síìtì, róbà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé. Tí ẹ bá wọ D, ẹ́ńjìnnì máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹ bá wọ R, á fì sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Tí síìtì bá ti já, ìfì náà á pọ̀ débi pé á fa wáyà tàbí róbà kan yọ díẹ̀, ọkọ̀ á kú ní ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan. Kí ẹnì kan ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kì í ṣe níwájú rẹ̀, kó máa wo ẹ́ńjìnnì bí ẹnì kejì ṣe ń fa jíà. Tó bá gbé ara rẹ̀ sókè bí ẹni fẹ́ dìde, síìtì ti lọ.

Ẹ má gbàgbé ẹ́ẹ̀tì, wáyà tó so négétíìfù bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ tan iná iwájú, AC àti fáànù, kí ẹ́ńjìnnì wà ní sílò. Bátìrì yẹ kó ka láàárín 13.5 àti 14.5 volt. Ẹ wá fi ọwọ́ mítà kan sí orí négétíìfù bátìrì, èkejì sára ẹ́ńjìnnì gan-an. Tó bá ju 0.2 volt lọ, wáyà ẹ́ẹ̀tì ti jẹ tàbí ó ti dípẹtà. Àti neutral switch tí Sípánà mẹ́nu kàn: tí iná ẹ̀yìn R kò bá tàn dáadáa, tàbí tí ọkọ̀ kì í sítáàtì ní P àfi ní N, switch yẹn ti yà kúrò ní àyè rẹ̀. Brainbox kò ní mọ̀ pé jíà ti wọlé, kò sì ní pàṣẹ kankan fún IAC.

Sípánà Mẹ́tàlá

Rewaya, ẹ ṣeun. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ V6 ni mo kó mọ́ ọn. Ìyá Ìbejì, ẹ fo ìdánwò róbà ńlá yẹn.

Ohun kan tó kù: ẹ bi mẹkáníìkì yín bóyá ó ti yí síkúrúù kékeré tó ń dá labalábá throttle body dúró. Tó bá ti yí i láti fi gbé sílò sókè, TPS á máa sọ fún brainbox pé ẹsẹ̀ wà lórí iná, brainbox á sì jáwọ́ nínú ìṣàkóso sílò. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè pààrọ̀ IAC mẹ́ta, kò ní yanjú.

Dẹ́rẹ́bà Akérò

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ń wa bọ́ọ̀sì jíà ọlọ́wọ́ ni. Ó ń fẹ́ kú tí mo bá fi sí jíà kìíní, kódà tí klọ́ọ̀ṣì wà nísàlẹ̀. Ṣé IAC náà ni?

Bàbá Oníjíà

Rárá, arákùnrin mi. Tí klọ́ọ̀ṣì bá wà nísàlẹ̀ tán tí ọkọ̀ ṣì ń fà, klọ́ọ̀ṣì kò tú. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ́ílì klọ́ọ̀ṣì, ẹ fọ́n afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde. Tí pẹ́dà bá rì bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, róbà inú master cylinder ti jẹ. Tó bá jẹ́ okùn ni, ẹ fà á le. Tí gbogbo rẹ̀ bá dára tó ṣì ń fà, pátákó klọ́ọ̀ṣì ti tẹ̀ tàbí ó ti lẹ̀ mọ́ flywheel, ìyẹn ló ń mú kí wọ́n gbé jíà sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì Sàngó

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá, Ọlọ́run á bù sí ọgbọ́n yín. Èsì nìyí.

Ìdánwò 1,200: kò kú ní D, kò kú ní R, kò sì fò. Bí mo ṣe ń yọ ẹsẹ̀ ló ń gbọ̀n. AC ní N: abẹ́rẹ́ wálẹ̀ láti 700 sí 550, kò padà. A yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì IAC, ìró kò yí padà. Ọ́ílì jíà wà láàárín HOT, ó pupa, kò rùn. Ẹ́ńjìnnì kì í fì púpọ̀. Bátìrì 14.1, ẹ́ẹ̀tì 0.08. Iná R ń tàn. Plọ́ọ̀gì jọ bísíkíìtì. Mẹkáníìkì ní òun kò fọwọ́ kan síkúrúù labalábá, àwọ̀ tó wà lórí rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kò sì tíì já.

A ti tú IAC sílẹ̀. Èédú inú rẹ̀ nípọn débi pé ọ̀pá inú kò yí rárá kí a tó da oògùn sí i. Ó ti wá ń yí báyìí. A ti dì í padà pẹ̀lú gáskẹ́ẹ̀tì tuntun. Ṣùgbọ́n bí a ṣe sítáàtì ẹ́ńjìnnì, sílò ń lọ sókè sódò, 600, 1,100, 600. Ṣé a ti ba nǹkan jẹ́ ni?

Sípánà Mẹ́tàlá

Ẹ kò ba nǹkan jẹ́. Ọ̀nà méjì ló ń fà á. Omi rédíétọ̀ tó dà nígbà tí ẹ yọ róbà méjèèjì ti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú omi. Kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, ẹ kún un dẹ́nu, ẹ sítáàtì ẹ́ńjìnnì láìdé ìdérí, ẹ tan hítà dé òpin, ẹ máa fi omi kún un bí ó ṣe ń lọ sílẹ̀ tó ń yọ afẹ́fẹ́. Tí fáànù rédíétọ̀ bá ti tan lẹ́ẹ̀kan tí afẹ́fẹ́ kò jáde mọ́, ẹ dé e. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣí ìdérí yẹn nígbà tó bá ti gbóná.

Lẹ́yìn náà, brainbox ti mọ̀ ọ́n lára láti máa bá valve tó há jà. Kó gbàgbé ìyẹn. Ẹ yọ orí négétíìfù bátìrì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dá a padà, ẹ sítáàtì, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ní P fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsí AC, láìsí iná, láìsí rédíò. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ tan AC fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wá tẹ bíréèkì, ẹ fa á sí D pẹ̀lú AC, ẹ jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì.

Kí èédú má baà tètè padà, ẹ yọ PCV valve (tó ń fa èémí inú ẹ́ńjìnnì padà láti jó), ẹ mì í sí etí. Ó yẹ kó máa dún bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kékeré. Tí kò bá dún, ẹ yí i. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, tó bá ti há, òun ló ń jẹ́ kí ọ́ílì ẹ́ńjìnnì máa fẹ́ wọ inú throttle body.

Ìyá Ìbejì Sàngó

A ti fọ́n afẹ́fẹ́ omi jáde, fáànù tan lẹ́ẹ̀mejì. PCV kò dún rárá, a ti yí i. Sílò ní N 750, ní D 680. Tí AC bá tan ní D, ó máa ń wálẹ̀ díẹ̀, á padà sí 700. Mo wà á fún wákàtí kan àti ààbọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹsẹ̀ lórí bíréèkì, jíà ní D, AC ní títàn. Kò kú. Tí mo bá yí sitẹrín dé òpin níbi ìgbọ́kọ̀sí, abẹ́rẹ́ kì í mì mọ́.

Bàbá Oníjíà

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ lo owó tí ẹ fẹ́ fi ra jíà yẹn yí ọ́ílì díífù rẹ̀, lítà 1.6, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi bóòtù tó ń jáde hàn yín. Irin kéékèèké bí ìyẹ̀fun lára rẹ̀ kò burú. Tó bá jẹ́ èérún irin tí ọwọ́ lè mú, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sí ibí ká wò ó.